Pípààrọ̀ Bẹ́ẹ̀rìn Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Toyota Hilux Àtijọ́

Àwọn tí wọ́n ṣì ń fi Toyota Hilux àtijọ́ kó iṣu, ẹ̀gẹ́ àti igi jáde láti oko ni a kọ ìwé yìí fún, pàápàá èyí tí ó ní sípúríǹgì pẹlẹbẹ àti bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀rìn ni òrùka irin tí ó ní ọmọ irin róbótó nínú, tí ń jẹ́ kí irin yí geere. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ yìí, òun náà ni ó sì di ṣáàfù, ìyẹn irin gbọọrọ tí ń yí táyà, mú sí àyè rẹ̀. Bí ó bá fọ́ pátápátá, táyà, dúrọ́ọ̀mù àti ṣáàfù lè jọ yọ jáde lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ó bá ti ń kùn lẹ́yìn kò yẹ kí ó tún ru ẹrù.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ariwo bẹ́ẹ̀rìn máa ń ga sí i bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra bẹ́ẹ̀rìn nígbà tí ó jẹ́ pé táyà ni ó ń pariwo. Ariwo táyà olójú ńláńlá máa ń yí padà bí ọkọ̀ bá kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Ti bẹ́ẹ̀rìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹná tàbí tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ni ohùn náà ń yí padà, ẹ kọ́kọ́ yẹ gíà ẹ̀yìn wò. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan lé sípúríǹgì, kí ẹ sì fi èkejì yí táyà: bẹ́ẹ̀rìn tí ó ti bàjẹ́ á máa gbọ̀n wá sí ọwọ́ yín bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó bà á jẹ́

Ẹ wá ìdí ìbàjẹ́ náà kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí bẹ́ẹ̀rìn tuntun kì í pẹ́ níbi tí ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà. Ihò ìmí kékeré kan wà lórí ilé ṣáàfù, ẹrẹ̀ sì máa ń dí i. Bí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, ọ́ìlì inú ilé náà á gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fẹ̀, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, á ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí ń dá ọ́ìlì dúró, bọ́ sórí ṣúù bíréèkì. Bí ọkọ̀ tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ bá wọ odò, á tutù lójijì, á sì fa omi mọ́ra. Ọ́ìlì tí ó bá ti funfun ti jẹ́rìí pé omi ti wọlé. Àpọ̀jù ẹrù náà ń ba bẹ́ẹ̀rìn jẹ́, èyí kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo ọkọ̀ wa lọ́jọ́ ọjà.

Iṣẹ́ náà

Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀, ẹ fi igi di àwọn táyà iwájú, kí ẹ sì fi irin ìdúró tàbí ìtì igi líle gbé ilé ṣáàfù dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun ìdúró, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kọ̀ láti yọ, ihò méjì wà lójú rẹ̀ tí a lè ki bọ́ọ̀tì sí láti fi tì í jáde. Ẹ má ṣe fẹ́ eruku bíréèkì dànù, torí ṣúù àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, èròjà tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú; ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì nù ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú páìpù bíréèkì, ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ yọ wáyà bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn àwo bíréèkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ṣúù bíréèkì so mọ́. Ṣáàfù, bẹ́ẹ̀rìn àti àwo náà yóò jọ jáde.

Ibi yìí ni iṣẹ́ ilé parí sí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní púrẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ irin, nítorí òrùka irin kan ni a fi agbára tẹ̀ mọ́ ṣáàfù kí bẹ́ẹ̀rìn má bàa yọ. Ẹ dúró tì í. Bí ó bá ń tẹ bẹ́ẹ̀rìn tuntun mọ́ ṣáàfù, òrùka inú rẹ̀ nìkan ni kí ó tẹ̀. Bí ó bá tẹ ti òde, tàbí tí ó fi òòlù lù ú, agbára náà á gba ara àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀rìn kọjá, á sì dá àpá wọn sára irin tí wọ́n ń yí lé. Láìpẹ́ ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ rí i pé àwo bíréèkì àti síìlì òde tuntun ti wà ní àyè wọn kí ó tó tẹ bẹ́ẹ̀rìn wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò tún tú.

Bí ẹ bá lọ ra ọjà ní Ládípò, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, tàbí níbòmíràn, ẹ mú bẹ́ẹ̀rìn àtijọ́ dání kí ẹ lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti tuntun. Bẹ́ẹ̀rìn tòkunbọ̀ kò bójú mu rárá, torí owó tí ẹ fi pamọ́ níbẹ̀ ni ẹ óò tún san fún púrẹ́ẹ̀sì.

Ẹ fi èékánná yẹ ibi tí síìlì ti ń fara kan ṣáàfù wò. Bí ó bá ti gbẹ́ kòtò, síìlì tuntun kò ní dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ètè síìlì inú, èyí tí ó wà nínú ilé ṣáàfù, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ṣáàfù wọlé kí eyín orí rẹ̀ má bàa gé e. Ṣúù tí ọ́ìlì bá ti rin kò ṣeé fọ̀ lò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ ṣí ihò ìmí, ẹ da ọ́ìlì gíà tí a kọ 80W-90 àti GL-5 sí ara agolo rẹ̀ sínú ilé ṣáàfù títí yóò fi dé ẹnu ihò ìdáọ́ìlì nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì. Lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, ẹ sún ọwọ́ mọ́ dúrọ́ọ̀mù méjèèjì láìfi kàn án. Bí ooru ọ̀kan bá ju ti èkejì lọ dáadáa, ẹ tún ẹ̀gbẹ́ náà yẹ̀ wò. Bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà dè.