Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọ̀nà Ọkọ̀ Akẹ́rù Láàárín Ìlú Méjì

Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó wo máàpù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ẹrù tán, ẹ wọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé ibi tí ó ga jù lọ lórí ẹrù náà, kí ẹ sì fi ìwọ̀n yìí wé gíga gbogbo afárá tí ọkọ̀ yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Afárá tí mọ́tò kékeré ń gùn láìbẹ̀rù lè má gba ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 30, máàpù orí fóònù kì í sì í sábà sọ èyí. Èmi kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣírò. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ lè sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ìrìn kìlómítà 400 kì í sábà jẹ́ wákàtí 5, nítorí òkè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ lè fa eré rẹ̀ wálẹ̀ sí kìlómítà 50 ní wákàtí kan, èyí tí yóò sọ ìrìn náà di wákàtí 8 kí a tó ka ìsinmi awakọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti mọ ibi tí ọkọ̀ ńlá ti lè yà sinmi kí ó tó gbéra.

Ẹ bèèrè ìgbà tí ẹni tí yóò gba ẹrù ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì ti ibẹ̀ ṣírò padà sẹ́yìn dé ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ẹ wá ẹrù tí ọkọ̀ yóò gbé padà bọ̀ pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ òfìfo náà ń jó epo.