Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùsìn màlúù tí igún dúdú ń yọ lẹ́nu ní Amẹ́ríkà

Igún dúdú ti Amẹ́ríkà kì í fi dandan dúró kí nǹkan kú kó tó jẹun. Láti Tennessee àti Kentucky dé Missouri àti Indiana, bí abo màlúù bá ń rọbí lórí pápá, agbo igún lè bà yí i ká, kí wọ́n máa fi àgógó gún ojú, ahọ́n, ìdodo àti ihò ìdí ọmọ tí kò tíì lè dìde. Ìyá náà kì í yọ nínú rẹ̀: abẹ́ rẹ̀ tó ti wú ni wọ́n máa ń dojú kọ. Kò sí ẹni tí èyí kò ní bí nínú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí, inú bíbí ló bí èyí tó pọ̀ jù.

Pípa ẹyẹ tí kì í ṣe òun

Irú igún méjì ló máa ń bà sórí pápá kan náà, ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fúnni láti pa igún dúdú kò sì kan igún olórí pupa rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí nìkan tó láti fi dá wọn mọ̀. Kò tó, nítorí orí ọmọ igún olórí pupa máa ń rí bí eérú títí yóò fi dàgbà. Apá ni kí ẹ wò nígbà tó bá ń fò. Igún olórí pupa máa ń gbé apá sókè díẹ̀, yóò sì máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ọtí ń gbé lọ. Gbogbo ìyẹ́ ẹ̀yìn apá rẹ̀ ló ń dán bí fàdákà tí ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀. Igún dúdú ní tirẹ̀ máa ń tẹ́ apá gbalaja, á ju apá kíákíá lẹ́ẹ̀mélòó kan, á tún rọra lọ. Ṣóńṣó apá rẹ̀ nìkan ló funfun, bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́, ìrù rẹ̀ sì kúrú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Olórí pupa ló mọ òórùn. Igún dúdú máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi oúnjẹ ni. Nítorí náà, olórí pupa tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ibi ọmọ ló sábà máa ń wá.

Ẹyẹ kẹta ló léwu jù fún ẹni tó gbé ìbọn. Idì olórí funfun kì í ní orí funfun títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún 5. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ara rẹ̀ á dúdú, á sì máa bá igún jẹ òkú ẹran pọ̀. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì le ju ti igún lọ: kódà ẹni tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu láìgba àṣẹ lè rẹ́jọ́ rò.

Ká gbogbo òkú ọmọ màlúù sí igún lọ́rùn

Ọmọ tí wọ́n bí lókùú, igún á jẹ ẹ́. Pé wọ́n wà lórí òkú kò fi hàn pé àwọn ló pa á. Ètò ìsanpadà ti USDA (ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà), Livestock Indemnity Program, ń sanwó fún ẹran tí ẹyẹ tí òfin ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò bá pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n á béèrè. Ẹ má sin òkú náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa jẹ ẹ̀rí náà tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ṣí awọ tó wà láyìíká ojú ọgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣù jọ sábẹ́ awọ, tí ẹran ibẹ̀ sì ti ṣèṣe, ó wà láàyè nígbà tí wọ́n gún un. Ara òkú tí wọ́n ya kì í ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀ sínú garawa omi: bí ó bá léfòó, ọmọ náà mí, bí ó bá rì, kò mí rí. (Òkú tó ti ń rà kò ṣe é dán wò báyìí, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbé e léfòó.) Ẹ wo abẹ́ pátákò pẹ̀lú. Ohun rírọ̀ kan máa ń bo pátákò ọmọ tuntun, á sì bó kúrò tó bá ti dìde rìn. Wàrà nínú ikùn fi hàn pé ó ti mu ọmú. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́ka sí pé òkú ni wọ́n bí i, dókítà ẹran ni kí ẹ pè, torí bí ẹ pa gbogbo igún tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, ọmọ á ṣì máa kú.

Yínyìnbọn kí ìwé tó dé

Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹyẹ aṣíkiri, tó ti wà láti 1918, bá wọn gbà ó kéré tán lórí èyí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá pa igún láìní ìwé àṣẹ lè san ìtanràn tó tó $15,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Pé ilẹ̀ ẹni ni kì í ṣe àwíjàre.

Lílé wọn lásán kò nílò ìwé: ariwo, ajá, omi tí a fi rọ́bà tú sí wọn, bí kò bá ti ṣe wọ́n léṣe, tí wọn kò sì sàba lórí ẹyin. Ìwé tí ẹ máa gbà á béèrè ohun tí ẹ ti gbìyànjú nínú ìwọ̀nyí, nítorí náà ẹ máa kọ ọjọ́ àti àbájáde rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ìwé náà ń gbà wá. Èkíní ni kí ẹ pe USDA Wildlife Services, ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹranko tó ń ṣe ọṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yín wò, kí wọ́n sì kọ Form 37, ìyẹn ìròyìn ọṣẹ́ tí ẹyẹ ṣe. Òun ni ẹ máa fi mọ́ fọ́ọ̀mù 3-200-13, tí a fi ń béèrè ìwé àṣẹ, tó ń lọ sí US Fish and Wildlife Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní ìwé náà. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láìsí Form 37 kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Èkejì yá jù: ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, Farm Bureau, ló gba ìwé àṣẹ ńlá kan, wọ́n sì ń pín iye ẹyẹ kékeré, bíi 3 tàbí 5, fún olùsìn ẹran kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú àkókò ìbímọ. Ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá kú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí pe ọ́fíìsì, ìyẹn sì ti pẹ́ jù.

Sísọ ìwé àṣẹ di ìwé ọdẹ

Iye tó wà lórí ìwé kéré nítorí pé wọn kò fún yín láti fi dín igún kù. Wọ́n fún yín kí àwọn tó kù lè bẹ̀rù. Òfin kò gba pé kí ẹ ba sí àtíbàbà, kí ẹ fi ère ẹyẹ tàbí ìpè fà wọ́n wá, tàbí kí ẹ lọ bá wọn lórí igi tí wọ́n ń wọ̀ sí nílẹ̀ aládùúgbò; ibi tí ewu wà nìkan ni. Májèlé jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Ọta tí kò ní òjé ni ìwé sábà ń béèrè, nítorí ẹranko mìíràn á jẹ òkú náà, òjé á sì pa òun náà. Àbúrò tàbí òṣìṣẹ́ yín tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé kò gbọdọ̀ yìnbọn.

Jíju òkú igún nù

Èyí ló dùn wá jù, torí òkú kan tí a so dáadáa lè lé agbo kan lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tí ìbọn kì í ṣe. Ẹ fi okùn tàbí wáyà so ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì, kí orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kí apá ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa yí i. Ẹ gbé e ga, síbi tí àwọn tó ń fò bọ̀ wá wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ á ti rí i. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n á kà á sí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ bá re, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ tí ìbímọ bá parí, kó má bàa mọ́ wọn lójú.

Níní òkú igún lọ́wọ́ láìsí ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kódà tí ọkọ̀ ló pa á. Igún oníke tàbí onírọ́bà kò nílò ìwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ tó bá jọ igún gidi. Igún tí ẹ bá sì rí tó ṣàdédé kú, ẹ má fọwọ́ kàn án: láti 2022 ni àìsàn lùkúlùkú adìyẹ H5N1 ti ń pa igún dúdú.

Fífi ibi ọmọ sílẹ̀ lórí pápá

Ẹ kó o kúrò, ẹ sin òkú ẹran, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bí àkọ́bí wà nítòsí ilé. Kí gbogbo wọn bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sàn ju kó tàn kálẹ̀ ní gbogbo ọdún, torí ẹ ò lè ṣọ́ pápá fún oṣù 12.

Gbígbàgbé ìròyìn ọdọọdún

Ẹni tó gba ìwé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ kó tó di January 31. Ẹni tó wà lábẹ́ Farm Bureau á tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n bá fún un. Bí ẹ kò bá pa ìkankan, ẹ kọ 0, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.