Bí a ṣe ń gba ẹ̀yà ara fún àyẹ̀wò DNA kí wọ́n tó gún òkú lábẹ́rẹ́

Bí ọkọ̀ bá jóná lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tí ojú òkú kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, DNA, àmì ìjogún inú ara tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀, ni ẹbí máa ń gbójú lé. Iná nìkan kọ́ ló ń ba DNA jẹ́. Fọmalíìn tí wọ́n ń fà sí òkú lára ní mọ́ṣúárì ń bà á jẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ èyí ṣeé dá dúró bí ẹ bá tètè sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí òkú dé. Òkú ìjàmbá tàbí òkú tí a kò mọ̀, ọ̀ràn ọlọ́pàá ni. Ẹ bá ọlọ́pàá tó gbé e wá àti olórí mọ́ṣúárì sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, pé kí wọ́n fi òkú sínú òtútù títí dókítà tó ń yẹ òkú wò yóò fi gba ẹ̀yà ara. Ẹ kọ ọ́ sí lẹ́tà, torí ẹni tó gba iṣẹ́ lálẹ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ọ́ lọ́sàn-án.

Formaldehyde inú omi ni fọmalíìn, òórùn rẹ̀ a máa ta ni lójú. Nínú èyí tí wọn kò tíì bu omi là, formaldehyde máa ń tó ìdá 37 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń de DNA mọ́ purotéènì tó yí i ká. Ìdè yìí ni kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí DNA kà. Bó bá pẹ́, ásíìdì a tún máa jáde nínú rẹ̀, DNA á wá dà bí òwú tó ta kókó tó tún já wẹ́wẹ́. Àwọn ibi tí wọ́n ń wò nínú DNA láti fi dá ènìyàn mọ̀ máa ń gùn tó nǹkan bí 100 sí 450 lẹ́tà, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tó so pọ̀ di DNA. Àwọn tó gùn ló kọ́kọ́ ń sọnù.

Bí òkú kò bá tíì pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló rọrùn jù. Kí wọ́n kán an sórí bébà tó nípọn tó sì mọ́, kí ó gbẹ níbòòji, kí wọ́n fi sínú àpò ìwé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, yóò bu. Gbígba ẹ̀jẹ̀ báyìí kò ní dí ìsìnkú Mùsùlùmí, tó gbọ́dọ̀ yá, lọ́wọ́.

Bó bá ti ń jẹrà tàbí tó jóná, kí dókítà gé ẹran inú itan lọ́hùn-ún, kí ó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kí ó fi sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọtí náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Ọtí kì í de DNA mọ́ purotéènì, omi ló ń fà kúrò. Iyọ̀ gbígbẹ tó mọ́ náà ń ṣiṣẹ́, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má fọwọ́ ara rẹ̀ gé nǹkan kan o.

Tí wọ́n bá ti gún un ńkọ́? Ẹ má sọ ìrètí nù. Kí dókítà wo egungun itan, eyín ẹ̀yìn tí kòkòrò kò jẹ, tàbí èékánná ẹsẹ̀. Fọmalíìn kì í tètè wọ àwọn yìí. Kí ẹ sì sọ fún ilé àyẹ̀wò pé wọ́n ti lo fọmalíìn, kí wọ́n lè wá àwọn ègé kúkúrú, tàbí DNA mitochondria, ìyẹn DNA inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, tó pọ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀dọ̀ ìyá la ti ń jogún ìyẹn, nítorí náà ọmọ ìyá òkú ni kí ó wá jẹ́ kí wọ́n fi òwú nu inú ẹnu rẹ̀ fún àyẹ̀wò náà. Ọbàkan kò wúlò fún èyí. Ṣùgbọ́n bí òkú bá jẹ́ ọkùnrin, ọbàkan rẹ̀ ọkùnrin wúlò fún DNA Y, èyí tí ọmọkùnrin ń jogún lọ́dọ̀ bàbá. Òbí àti ọmọ bíbí inú ló dára jù fún àyẹ̀wò tó kù.

Ẹ kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kóòmù tí olóògbé ń lò wá pẹ̀lú. Bó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, ẹ béèrè bóyá ẹran tí wọ́n gé ṣì wà nínú ìda tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara ní ilé ìwòsàn. Òun náà gba inú fọmalíìn kọjá, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì sábà máa ń wúlò.

Lára àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà òkú, ẹ̀yà tí wọ́n gbà, ọjọ́ àti aago, bóyá fọmalíìn ti kàn án, ẹni tó gbà á àti ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i.