AC tutù, yàrá ṣì ń rin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Surulere ni mo ń gbé. Yàrá mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn lọ, AC họ́ọ̀sì 2 ni mo rà sí i kó lè tètè tutù. Lóòótọ́ ó ń tètè tutù, á sì pa, kò ní pẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Òtútù ń mú mi, síbẹ̀ ara mi ń lẹ̀, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ti ń bu. Ṣé gáàsì ló lọ ni?

Ìdáhùn: Gáàsì kọ́. Ká ní gáàsì lọ ni, kò ní tutù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yín ló tóbi ju yàrá lọ. Yàtọ̀ sí ooru, AC tún ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Òun ló ń kán láti inú páìpù tó yọ síta. Ó gba kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kí omi yẹn tó jáde dáadáa. Tiyín kì í dúró pẹ́: bí yàrá bá ti tutù, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á kú, ọ̀rinrin á ṣẹ́kù. L'Ékòó tí ọ̀sà àti òkun yí ká, ọ̀rinrin gan-an ni ìyọnu wa.

Họ́ọ̀sì 1, bíi 9,000 BTU (ìwọ̀n ooru tí AC lè fà jáde), tó yàrá yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ abẹ́ páànù ló wà, tàbí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń jó ògiri rẹ̀, ẹ lọ sí họ́ọ̀sì 1 àbọ̀, bíi 12,000. Ẹni tó ń tà á kì í sábà béèrè èyí. Họ́ọ̀sì 2 yẹn, bíi 18,000, ẹ gbé e lọ sí pálọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ fi sí «Dry» lórí rìmóòtù, ìyẹn ibi tó ń fa ọ̀rinrin.

Ìbéèrè: Tèmi kò pa rí láti ọ̀sán, pálọ̀ kò sì tutù. Òkè pátápátá la wà, ní Bariga.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fọ fílítà, kí ẹ sì wo ẹ̀rọ ìta bóyá eruku ti dí i. Lẹ́yìn náà, fèrèsé: bí ó bá jẹ́ lúfà, atẹ́gùn tútù yín ń jáde lọ s'ádúgbò. Bí gbogbo ìyẹn bá dára, ó lè jẹ́ pé gáàsì ló lọ, tàbí pé ẹ̀rọ ló kéré.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra èyí tó ń mú ilé móoru pẹ̀lú?

Ìdáhùn: L'Ékòó? Ẹ ra kúbùsù fún ọyẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré, «I better pass my neighbour», lè gbé họ́ọ̀sì 1?

Ìdáhùn: Rárá o. Iná tí AC ń fà nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń fà lẹ́yìn náà lọ dáadáa. Ẹ wá 2.5 kVA sókè.