Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Ligature Tòkunbọ̀ Wò Kí N Tó Sanwó

Ọ̀já ni ligature jẹ́ fún reed: òun ló ń di reed, esùsú pẹlẹbẹ tó máa ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, mọ́ mouthpiece, ìyẹn ibi tí a ń fi ẹnu sí lára fèrè bíi sax àti clarinet. Bó bá dẹ̀ jù, reed á máa yẹ̀ kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá sì fún un pinpin, kò ní lè gbọ̀n dáadáa, ohùn á há mọ́ inú. Ìyá ọlọ́mọ mọ bí a ṣe ń di ọ̀já tí ọmọ kò fi ní já bọ́, tí kò sì ní sunkún. Ohun tí mo ń wá lára ligature nìyẹn, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fun tenor sax àti clarinet ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Ọmọ méje ni mo ń kọ́ báyìí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní ligature tuntun. Tòkunbọ̀ ni ti àwọn mẹ́fà yòókù, èmi ni mo sì bá wọn yàn án. Mi ò rò pé ó yẹ kí òbí tó ń wá owó ilé ẹ̀kọ́ lọ ra tuntun dandan. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn kì í gbó bọ̀rọ̀, bí wọn ò bá ti tẹ̀ ẹ́, tí sukúrù rẹ̀ ò sì tíì jẹ.

Àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún 2016 ni mo fi ń kọ́ wọn. Mo lọ sí Èkó, mo yà sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, mo rí ligature aláwọ̀ wúrà kan. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á bóyá ti tenor ni. "Tenor ni, Dádì," ló wí. Kò purọ́. Mo sanwó, mo gbé e dé Àkúrẹ́, kò kọjá ìdajì mouthpiece mi. Mouthpiece onírin ni wọ́n ṣe é fún, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ebonite ni tèmi, rọ́bà dúdú líle yẹn, òun sì máa ń sanra ju onírin lọ. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi àwọn tó ń tà á pa pọ̀: ohun èlò wo ló wà fún, orí irú mouthpiece wo ló sì wà tẹ́lẹ̀? Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè dáhùn èkejì, mouthpiece mi á dá mi lóhùn.

Nítorí náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú mouthpiece yín dání, reed kan, ìdérí mouthpiece náà, àti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ligature náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ihò rẹ̀ bí ẹni ń wo inú òrùka. Ti clarinet máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, torí bí mouthpiece rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá ti gùn bí ẹyin, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ rọra yí padà lára igi roboto; mi ò fi òòlù kàn án. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi òjé jó ilé sukúrù mọ́ ara idẹ. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún sukúrù náà ni yóò máa là sí i.

Sukúrù ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Mo máa ń tú u jáde pátápátá, kí n wá fi ìka méjì dá a padà. Ó yẹ kó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọ́. Bó bá ń yí lásán tí kò di nǹkan mú, ó ti jẹ nìyẹn. Ẹ má gbà bí wọ́n bá ní ẹ máa rí òmíràn fi sí i. Eyín sukúrù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu. Mo ti kiri gbogbo Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ rí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe àti àwọn tó ń tún awò ojú ṣe, nítorí sukúrù kan péré, mi ò rí èyí tó wọ̀ ọ́.

Ẹ wá di ligature náà mọ́ mouthpiece pẹ̀lú reed. Ọwọ́ ọ̀tún ni orí sukúrù máa ń kọ sí. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, abẹ́ lọ́dọ̀ reed ni sukúrù rẹ̀ wà. Àwọn kan wà tí tiwọn wà lókè, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ẹ má jẹ́ kó gun ibi tí wọ́n ti gé ara reed. Bí etí ligature méjèèjì bá pàdé kí reed tó dúró, ó tóbi jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín reed àti ligature lápá òsì, kí ẹ dì í, kí ẹ fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá yọ wẹ́rẹ́ tí èkejì sì há, kò di reed mú dọ́gba. Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí mouthpiece, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mu, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Reed tó jókòó dáadáa á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, á wá dún "pọ́ọ̀". Ìdérí náà gbọ́dọ̀ wọlé lórí ligature, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ reed ò ní pẹ́ nínú àpò.

Ligature Vandoren Optimum dára, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tó ṣeé pààrọ̀ ló ń bá a wá. Ẹ kà á. Mo ti rí i tí wọ́n ń tà á láìsí ẹyọ kan nínú. Ligature Rovner tó wọ́pọ̀ kì í ṣe idẹ, ó rọ̀ bí awọ. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti ya, tàbí ó ti gan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé, torí bó já bọ́, kì í tẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé èyí tàbí tọ̀hún á yí ohùn yín padà pátápátá. Reed àti mouthpiece ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wébíìlì ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín ní gáréèjì, ẹ wé bébà mọ́ mouthpiece àti reed níbi tí ligature máa jókòó sí, ẹ sàmì síbi tó ti pàdé, ẹ wọ̀n ọ́n ní mìlímítà, kí ẹ fi 3.14 pín in; ìbú mouthpiece àti reed yín níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wọn ti mouthpiece tòun náà bẹ́ẹ̀, kó sì ya fọ́tò ligature láti ojú ihò, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ nìkan.

Bó bá délé, ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti tó fún idẹ. Onírọ̀ bí awọ, ẹ kàn fi aṣọ tútù nù ún.

Ẹ fi òwú tó lágbára sínú àpótí yín. Láàárọ̀ Àjíǹde kan, sukúrù ọmọ kan bọ́ sọnù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, omi sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi òwú wé reed rẹ̀ mọ́ mouthpiece clarinet, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mo ki ìparí rẹ̀ bọ abẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dì í kí onísukúrù tó dé, àwọn kan ní Jámánì ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ó fun gbogbo orin ìsìn náà tán, kò yẹ̀.