Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Ọmọ Sílẹ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀lù Lóru

Ọmọ tí wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀lù wé pinpin láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gan-an kì í fẹ́, torí ṣọ́ọ̀lù yẹn ló ń jẹ́ kí òun náà fojú kan oorun. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n àsìkò kan ń bọ̀ tí ohun tó ń tù ú lára yóò di ewu fún un, ẹ má sì dúró kí kàlẹ́ńdà sọ ọ́ fún yín. Ara ọmọ ni kí ẹ máa wò.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó ń gbìyànjú láti yíra padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan péré ló dé tó tún padà fẹ̀yìn lélẹ̀, wíwé ti parí nìyẹn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ, tó wá dojú bolẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi ti ara rẹ̀ sókè kó lè mí. Ohun tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, sọ nínú ìtọ́sọ́nà wọn ti ọdún 2022 náà nìyẹn: wọ́n ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú àtiyíra, àmọ́ ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì kejì ni ọmọ tó ń já ara rẹ̀ gbà nínú aṣọ. Ṣọ́ọ̀lù tó ti tú lóru lè bo imú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá máa ń bọ́ sí àárín àsìkò yìí. Ẹ lo àǹfààní ọjọ́ náà láti bi nọ́ọ̀sì léèrè. Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi bó bá ti ń yíra.

Kí ló dé tí yóò fi máa jí bí ẹ bá tú u? Ọmọ ọwọ́ a máa ta gìrì lójú oorun: yóò na apá méjèèjì síta lójijì, yóò kó wọn padà sáyà, nígbà mìíràn yóò fi igbe tì í. Moro reflex ni àwọn dókítà ń pè é. A bí i mọ́ wọn ni, ọ̀pọ̀ ọmọ a sì ti bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Aṣọ tí a fi wé wọn ló ń di apá yẹn mú. Àwọn ìyá àgbà mìíràn á sáré dìde pé gìrì ti dé. Títa gìrì ojú oorun kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kì í sì í mú ara gbóná. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá ń gbọ̀n tí kò dáwọ́ dúró, tí ojú rẹ̀ ń yí sókè, tàbí tí ara rẹ̀ ń já léraléra ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sí. Ó ti pa ọmọ rí.

Ọmọ tó ti ń yíra kò sí lára àwọn tó lè gba ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ òní ni kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ gbà pé òru mélòó kan yóò le. Ọmọ tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rárá nìkan ni ìyókù yìí wà fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ kan. Ẹ wé e bí ẹ ṣe ń wé e tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọwọ́ kan síta, ọwọ́ tó fẹ́ràn láti máa mu. Oorun àkọ́kọ́ ní alẹ́ ni mo fara mọ́ pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí oorun ìgbà yẹn wúwo ju ti ìdájí lọ. Bó bá jí ní òru tó ń ké kíkankíkan, kò burú bí ẹ bá wé e padà fún ìyókù òru náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọwọ́ kejì. Àyà nìkan ni aṣọ yóò wà, kó má ga ju abíyá lọ, kí ìka yín méjì sì lè wọ àárín aṣọ àti àyà rẹ̀. Ẹ má di ẹsẹ̀. Ìbàdí ọmọ fẹ́ kí orúnkún ká sókè kó sì yà sí ẹ̀gbẹ́, bó ṣe máa ń rí nígbà tí a bá pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ tí a nà gbọọrọ tí a sì dì lè mú kí egungun itan yẹ̀ kúrò ní ojúhò rẹ̀. Bí alẹ́ mélòó kan bá ti lọ dáadáa, ẹ yọ aṣọ náà pátápátá.

Bí ẹ ṣe ń gbé e sílẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bí orí ọmọ bá ṣe bí ẹni ń já bọ́, ó máa ta gìrì, torí náà ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kan fóòmù, kí ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, kí orí kẹ́yìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà díẹ̀, kí ẹ tó rọra yọ ọ́. Bó bá ń kùn lóru, ẹ má sáré gbé e. Ọmọ máa ń kùn láìjí. Bó bá di ẹkún, ẹ fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, tàbí kí ẹ pọ̀n ọ́n díẹ̀. Bó bá ti sùn, ẹ gbé e sọ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ má pọ̀n ọ́n jókòó sórí àga kí oorun wá gbé ẹ̀yin náà lọ.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi rọ́pò ṣọ́ọ̀lù, ìlú tí ẹ wà ló máa sọ. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí fáànù sì dúró, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ẹ ra aṣọ oorun tó dà bí àpò, èyí tí ọmọ ń wọ̀ tí apá rẹ̀ wà níta. Nọ́ńbà tog tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe nípọn tó. Ìwọ̀n ooru 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń dámọ̀ràn fún yàrá ọmọ níbẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kó ohun wúwo sí nínú. Ẹ̀yin ọrùn tàbí àyà ni kí ẹ fọwọ́ kàn: bó bá ń làágùn, ẹ dín aṣọ kù. Fìlà ò sì sí nínú oorun, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìrọ̀rí tí a máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ọmọ má bàa yí, ẹ kó o kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìró àti bèbí ìṣeré. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn bọ abẹ́ fóòmù kó má bàa já lé e lórí. Yàrá yín ni kó máa sùn, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn tirẹ̀, ó kéré tán títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Lójú mọmọ, ẹ máa jẹ́ kó fi àyà lélẹ̀ lórí ẹní nígbà tí ojú rẹ̀ là tí ẹ sì ń wò ó, kí ọrùn àti apá rẹ̀ lè lágbára. Lóru, ẹ máa fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá ti lè yí lọ yí bọ̀ fúnra rẹ̀, tó wá fi àyà lélẹ̀ láàárín òru, ẹ kò ní láti máa dìde yí i padà.