Bí mo ṣe dáná Pongala ní Thiruvananthapuram

Ìkòkò amọ̀ tuntun, bíríkì mẹ́ta, imọ̀ àgbọn gbígbẹ, ìrẹsì, ṣúgà dúdú tí wọ́n fi omi ìrèké ṣe, àgbọn rírin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti bọ́tà màlúù yíyọ́. Ohun tí obìnrin nílò nìyẹn tó bá fẹ́ dáná Pongala, ìyẹn ìrẹsì dídùn tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ ọdún, fún Attukal Amma, òrìṣà obìnrin tí ojúbọ rẹ̀ wà ní Thiruvananthapuram, ní ìpínlẹ̀ Kerala, gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Màmá onílé mi ló ní kí n wá bá àwọn dáná. Mo sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kì í se oúnjẹ ni?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ọdún òrìṣà náà ni iná dídá, ó sì máa ń bọ́ sí oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà. Ẹni tó bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wá ààyè ti pẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú la ti lọ to bíríkì wa sẹ́bàá títì. Láti ojúbọ títí dé East Fort, dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Thampanoor, ààrò ni ṣáá: iwájú báǹkì, ẹnu géètì ilé oníilé, àárín títì. Ní 2009, ìwé Guinness World Records kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin mílíọ̀nù 2.5 ló dáná lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń dúró de iná, Màmá sọ ìtàn òrìṣà náà fún mi. Wọ́n ní Kannaki ni. Kovalan ọkọ rẹ̀ ná owó wọn tán sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ìyàwó nìkan ló kù tí wọ́n lè tà. Ó mú ọ̀kan lọ sí ìlú Madurai, wọ́n ní ti olorì ló jí, ọba ní kí wọ́n pa á. Kannaki wọ ààfin, ó fọ́ èkejì mọ́lẹ̀ níwájú ọba. Òkúta iyebíye pupa ló tú jáde, bẹ́ẹ̀ péálì ló wà nínú ti olorì. Ọba ṣubú, ó kú. Kannaki sì sun ìlú náà. Kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì gbé idà. Ìyàwó ilé tí ọkọ ti fi ojú rẹ̀ rí màbo ni, tó ṣáà mọ ohun tó wà nínú ẹ̀gbà tirẹ̀. Òun ni gbogbo ìlú ń forí balẹ̀ fún.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń kọ lórin ní ojúbọ. Tí orin bá dé ibi tí ọba ti kú, àwòrò á tan iná sí ààrò ibẹ̀, iná á sì máa ti ààrò kan bọ́ sí òmíràn. (Ọkùnrin ni àwòrò o, ọkùnrin náà ló ń kọrin. Ẹ má rò pé ohun gbogbo ló wà lọ́wọ́ obìnrin.)

Ọwọ́ ìyá alágbàṣe kan tó ń ru bíríkì níbi ìkọ́lé ni iná ti kàn wá. Ó wo ààrò mi, ó fi ẹsẹ̀ ti bíríkì kan díẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, ó sì fa imọ̀ méjì yọ. Iná mi gbéra. Èéfín ò jẹ́ ká ríran mọ́, omijé ń dà lójú gbogbo wa, ìyàwó olówó àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí omi pọ̀ nínú ìkòkò. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àwa la wí bẹ́ẹ̀. Níbí, kó hó kó dà sílẹ̀ gan-an la ń wá. Nígbà tí tèmi dà, àwọn obìnrin tó yí mi ká hó yèè. Ẹ má tíì da ṣúgà sí i nígbà náà. Ìrẹsì tó bá pàdé ṣúgà kó tó rọ̀, kò ní rọ̀ mọ́. Ó jinná tán ni mo tó da ṣúgà, àgbọn, bọ́tà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ó dùn jù fún ẹnu mi, kí n má parọ́.

Lọ́sàn-án, àwọn àwòrò wá wọ́n omi sórí ìkòkò, kálukú sì di ẹrù rẹ̀. Bíríkì la fi sílẹ̀. Màmá ní ìjọba ìlú máa ń kó wọn jọ láti fi kọ́lé fún tálákà. Mo bi ìyá alágbàṣe léèrè ta ni yóò rù wọ́n débi ìkọ́lé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta tún ni, bí kì í bá ṣe èmi?"